Ohun Tí Pọ́tì Kò Lè Dí

Orúkọ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú òyìnbó, kí òtútù tó dé. Obìnrin tí wọ́n ní kí ó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Dórìn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe nílé, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà." Ó yára di apá mi mú, ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, bóyá kí òun wá àga. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Dórìn ni kí n máa pe òun, kò sí nǹkan mìíràn níwájú rẹ̀. Ó tó oṣù kan kí orúkọ náà tó lè jáde lẹ́nu mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ìyá mi lè gbọ́ láti Lọ́kọ́jà.

Ilé iṣẹ́ wa kò ju gbọ̀ngàn gígùn kan lọ, ní ìpẹ̀kun ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ogun kéékèèké tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọn kò tíì tò pọ̀. Èèyàn á ra páálí kan, á bá ẹ̀yà bàálù nínú rẹ̀, ìyẹ́, ìrù, táyà, gbogbo rẹ̀ so mọ́ férémù ike. Á fi ọ̀bẹ gé wọn kúrò, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á sì kùn wọ́n lọ́dà. Mo rò pé ọmọdé ló ń rà á. Dórìn ní àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ń rà á jù. Ẹnu yà mí. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí mo mọ̀ nílé, ilé gan-an ni wọ́n ń kọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí tiwọn wọ́n gan-an. Tiwa pọ́ọ́kú. Mọ́ọ̀dù irin tó ti gbó, tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí, ni wọ́n fi ń ṣe é ní ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á kó o wá fún wa nínú àpò ńlá, àwa la ó wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ inú páálí. Iṣẹ́ tèmi ni láti mú díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí n sọ bóyá ó yẹ kí èèyàn rà á.

Dórìn gbé páálí kan síwájú mi. Àwòrán bàálù ogun wà lára rẹ̀, iná ń jáde nídìí rẹ̀, ojú ọ̀run pọ́n yí i ká. Ó dojú àwòrán náà bolẹ̀ kí n tó wò ó tán.

"Ẹni tó yà á kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí," ó ní. "Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí o wò."

Ó kọ́ mi pé kí n gbé férémù náà sókè síwájú iná, nítorí ibi tí ike bá ti fẹ́lẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá. Ó kọ́ mi pé kí n tẹ́ ìyẹ́ bàálù sórí gíláàsì, kí n fi ìka kan tẹ orí rẹ̀: bí ó bá ń mì, ó ti wọ́. Ó ní kí n máa wo igun tó jìnnà jù sí ihò tí ike gbígbóná gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni ike ń dé kẹ́yìn, ibẹ̀ ni kì í sì í kún dáadáa. Ibi tó bá nípọn jù, ojú rẹ̀ máa ń jìn wọlé bó bá ṣe ń tutù. Ó ní bí wọ́n bá kánjú yọ nǹkan kúrò nínú mọ́ọ̀dù kí ó tó tutù tán, á dà bí ohun tó tọ́ lójú, ṣùgbọ́n á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí n mú ìdajì méjì, kí n fi wọ́n pàdé láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bí mo bá ní láti fi agbára fún wọn pọ̀, kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Èrò mi ni pé ohun tó pọ́ọ́kú ni ohun tí kò dára. Dórìn ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fi bàálù kan hàn mí tí ẹ̀yà rẹ̀ kò tó ogún, táyà rẹ̀ kì í yí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí, síbẹ̀ gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀ mọ́ra wọn bí eyín. Ẹni tó ṣe é kò ní púpọ̀, kò sì díbọ́n pé òun ní.

"Ike tó yọ létí, ọ̀bẹ á gé e," ó ní. "Ibi tó jìn, pọ́tì á dí i, wọ́n á fi sáńpépà ha á. Jẹ́ kí ìyẹn kọjá, ọwọ́ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí egungun rẹ̀ bá ti wọ́, pọ́tì kò lè dí i. Wọ́n lè fi gọ́ọ̀mù fún un pọ̀, á sì dúró lónìí. Á wá là lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí ń fi gbogbo ọjọ́ wá àléébù. Ó wọ̀ mí lára. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ èrò, kí n máa wo bí férémù fèrèsé ṣe pàdé. Mo máa ń wo eyín ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Yàrá kan ni mo háyà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa. Ní Lọ́kọ́jà, kí n tó rìn dé ọjà, mo ti kí èèyàn ní èdè mẹ́rin. Yàtọ̀ sí Yorùbá, mo ti sọ Hausa fún ẹlẹ́ran, mo ti fi Igala díẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú obìnrin tó ń ta ẹja, mo ti fi Pidgin bá oníkẹ̀kẹ́ jà. Ní ibi tí mo wà yìí, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sì í fi í kí ara wọn. Ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ Jímọ́ tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ẹnu mi kò ní ṣí fún ènìyàn kankan títí di ọjọ́ Ajé, àfi tí mo bá pe ilé.

Bí mo bá pè, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e. Á ní "Òkun o," bí àwọn ará ilé wa ṣe máa ń kí ara wọn, èmi náà á dáhùn pé "Òkun o," ara mi á sì balẹ̀ bí ẹni tó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ìlú kékeré kan ní Ìjùmú ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Lọ́kọ́jà, akọ̀wé ni, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún gbé inú yàrá méjì ní àárín ìlú àtijọ́, nínú ilé ìdílé oníṣòwò kan tí baba ńlá wọn ti Ìlọrin wá. Wọn kò bá wa jà rí. Ìyàwó onílé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà, máa ń fi oúnjẹ ọdún ránṣẹ́ sí wa kí ó tó bu ti àwọn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, bàbá mi kò kan ìṣó mọ́ ògiri rí láìlọ tọrọ àyè. Bí a bá ń sáré nínú ilé, á ní, "Ilé onílé nìyí o." Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó tí mo ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn lórí pákó yàrá mi kí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ má bàa gbọ́, mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Lọ́dún kejì, mo ṣe ohun kan tí inú mi dùn sí. Wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi tuntun dé, ẹni mẹ́ta sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí wàhálà. Mo mú ìdajì ọ̀tún, ó tọ́. Mo mú ti òsì, ó tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi wọ́n pàdé, ìdí ọkọ̀ náà kò bá ara rẹ̀ mu, ó fi bí èékánná ọmọwọ́ yà. Mo mú òmíràn. Bákan náà ni. Mọ́ọ̀dù náà ló ti yẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀. Ọ̀gá wa dá gbogbo àpò náà padà. Dórìn fi kéèkì wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì yọ bébà "òṣìṣẹ́ tuntun" kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù mi, wọ́n kọ orúkọ mi sí i, ó pé, kò sí lẹ́tà kankan tó sọnù.

Mo pe bàbá mi, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní nínú gbogbo ohun tí ọmọ èèyàn ń bá lọ sí òkè òkun, bàálù ọmọdé ni tèmi ń tẹ níkùn. Ó wá ní òun náà ní ìròyìn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé. Àdúgbò Lokongoma ní Lọ́kọ́jà ni, lórí ilẹ̀ tó ti rà láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ó ní báńkónì níwájú. Ó ní kí n má fi ohunkóhun ránṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì òun ni òun fi ń kọ́ ọ, òun fẹ́ kí ó jẹ́ tòun.

Láti ìgbà náà, fọ́tò ni ó ń rọ́ wọlé sórí fóònù mi. Òpó mẹ́fà dúró nínú iyanrìn, Òkè Patti ń yọ ní ọ̀ọ́kán. Bíríkìlà kan dì mọ́ àkàsọ̀. Ìyá mi di agboòrùn mú, ó rojú nítorí oòrùn. Mo máa ń fi wọ́n han Dórìn nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Dórìn á ní bàbá mi ju gbogbo àwọn oníbàárà wa lọ, torí ilé gidi ni ó ń tò pọ̀.

Fọ́tò tó yí gbogbo rẹ̀ padà dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Wọ́n ti da kọnkéré tó pín ilé sí òkè àti ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní dẹ́kìn, wọ́n sì ti yọ gbogbo igi tó gbé e ró. Bàbá mi dúró lábẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé e dání. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi wá kúrò lára bàbá mi, ó lọ sókè, mo sì rí i pé ìlà ìsàlẹ̀ kọnkéré náà kò tọ́.

Mo sọ fún ara mi pé fóònù ló tẹ̀ ẹ́. Mo pè é, mo kí i kú oríire, mo wá bi í bí ẹni tí kò ní nǹkan í ṣe pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi igi náà sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó ní kò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Káfíńtà fẹ́ lo igi rẹ̀ níbòmíràn, bíríkìlà sì ti ní kò séwu.

Èmi kò mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí wọ́n kánjú yọ kúrò nínú mọ́ọ̀dù.

Mo tẹ fọ́tò náà jáde lórí bébà ńlá ní ibi iṣẹ́. Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo fi rúlà irin lélẹ̀ láti òpó kan dé èkejì. Àyè ṣẹ́kù láàárín rúlà àti dẹ́kìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí èyí tó ṣẹ́kù ní àárín gbùngbùn. Dórìn dúró lẹ́yìn mi. N kò mọ ìgbà tó dé. Ó wò ó pẹ́. Ó tún rí ohun tí èmi kò rí, ìlà tín-ín-rín kan lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ dẹ́kìn náà, ó rìn wá sí ìsàlẹ̀ bí ìtàkùn.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?" ó bi mí.

Mo ní kò tíì sí ẹnikẹ́ni.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì lọ jókòó sáyè rẹ̀. Kò bá mi ṣeré mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fọ́tò mìíràn dé. Wọ́n ti rẹ́ ògiri, wọ́n ti kùn ún lọ́dà aláwọ̀ ẹyin. Mo fẹ fọ́tò náà títí ó fi fọ́ lójú mi. Ìlà náà ti lọ. Wọ́n ti dí i.

Mo pe bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà kí n má bàa ṣàṣìsọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹnjiníà kan wò ó kí wọ́n tó kó wọlé. Mo ní mo rí i nínú fọ́tò pé àárín rẹ̀ ti tẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin, kò já lù mí. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń gbọ́.

"Ọmọ mi, fọ́tò lo ń wò. Èmi ń wo ilé."

Ó ní kí n kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Ó pa fóònù.

Èèyàn tó wà lókè òkun máa ń rò pé òun ṣì wà nínú ilé. Ohùn rẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n ń bi í léèrè, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó bá ní ohun tó fẹ́ dá dúró ló máa mọ̀ pé kò ní ọwọ́ níbẹ̀. Ká ní mo wà ní Lọ́kọ́jà, ǹ bá wọ kẹ̀kẹ́, ǹ bá lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí mo wà, ẹnu nìkan ni mo ní, wọ́n sì lè fi ìka kan pa ẹnu yẹn.

Mo bá pe ìyá mi sórí fóònù tirẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi, ó fi iṣẹ́ náà tọ́ wa. N kò bá a jiyàn nípa ilé. Mo sọ ohun tí kó ṣe fún un. Kó mú okùn ìránṣọ tó lágbára, kó lọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ nígbà tí Bàbá kò bá sí níbẹ̀, kó so okùn náà mọ́ ìṣó lára òpó méjì tó kọjú síra, kó fà á le, kí àyè ìka mẹ́rin wà láàárín okùn àti dẹ́kìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó wá lọ sí àárín, kó ki ìka bọ ibẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló pè mí padà. Mo ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ní ẹ̀gbẹ́, ìka mẹ́rin ni," ó ní. "Láàárín, ìka mẹ́ta ló wọ̀ ọ́."

Mo ní kó fi okùn náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá bi í léèrè ohun tí okùn ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun ń wọn aṣọ kọ́tìnì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìka mẹ́ta kò wọ ibẹ̀ mọ́. Méjì ló kù.

Láàárín ìgbà náà, bàbá mi ti kó lọ síbẹ̀. Ó ní àwọn olè ń yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn àwọn ilé tí kò sí ènìyàn nínú wọn ní àdúgbò náà. Ó gbé ẹní, rédíò àti abọ́ kan, ó ń sùn nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ìyá mi ti di gbogbo ẹrù wọn tán, páálí àti àpò kún yàrá méjèèjì, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò kó lọ. Ó sọ ohun tí ìka rẹ̀ rí fún ọkọ rẹ̀. Bàbá mi ní èmi ni mo ń fi fóònù dá ìbẹ̀rù sí i láyà. Àlájà gbọ́ sí i, ó wá sọ fún ìyá mi pé ẹnikẹ́ni kò lé wọn, kí wọ́n tú ẹrù wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo bí ojú ọjọ́ Lọ́kọ́jà ṣe rí lórí fóònù kí n tó wo ti ìlú tí mo wà. Ní ibi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí àléébù lára gbogbo nǹkan. Ìyẹ́ tó tọ́, mo ní ó wọ́. Mo dá odidi àpò padà, ọ̀gá wa yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí Dórìn bá mi sọ̀rọ̀. Dórìn gba bàálù kékeré kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì.

"Kì í ṣe èyí lo ń wò," ó ní.

Mo sunkún níwájú rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Kò ní kí n dákẹ́. Ó lọ po tíì wá.

Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú bàbá mi ló wá mú ẹnjiníà kan lọ bá a, lẹ́yìn tí ìyá mi bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà fi òòlù kékeré gbá dẹ́kìn náà níbi mélòó kan, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀, ó ní irin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kò tó, igi tó gbé e ró sì ti kúrò níbẹ̀ láìtọ́jọ́. Ó ní kí wọ́n fi igi gbé e padà, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀, kí wọ́n wá fara balẹ̀ wó apá òkè. Bàbá mi fún un ní omi tútù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé títì. Ó padà wọlé, ó tan rédíò rẹ̀.

Ohun tí ìyá mi ṣe lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Lokongoma, ó gbé e sí àárín pálọ̀, lábẹ́ okùn náà. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó jókòó, ó mú aṣọ kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Bàbá mi bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Mo kó wá," ó ní. "O ní ká kó wá. Bó bá máa wó, kó wó lé àwa méjèèjì."

Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó dìde, kò dìde. Ó tó wákàtí kan. Ìyá mi ní òun ti rán etí aṣọ náà tán, òun ti ń tú u láti tún un rán, nígbà tí bàbá mi ká ẹní rẹ̀, tó gbé rédíò, tó sì jáde lọ sínú òjò láìwẹ̀yìn. Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Mo rò pé ara mi á wá balẹ̀. Wọ́n fi igi gbé dẹ́kìn ró, ilé náà ṣófo, àwọn òbí mi padà sínú yàrá méjì tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò wó apá òkè. Láràárọ̀ ló ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní ẹnu géètì, á máa wo ilé náà. Bí mo bá pè, á ní "Òkun o," á bi mí nípa òtútù, á gbé fóònù fún ìyá mi.

Òjò ọdún náà rọ̀ tán, ilé náà kò wó.

N óò sọ òtítọ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Lọ́kọ́jà, mo máa ń pè, ìyá mi á sì mọ ìdí tí mo fi pè. Á ní ó ṣì wà. Mo máa ń sọ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé mo ń fẹ́ kí ó wó. Mo fẹ́ kí ó wó lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sí ènìyàn kankan, kí bàbá mi lè rí i pé mi ò parọ́. Torí bí kò bá wó, èmi ni mo jókòó sí ìlú òyìnbó, tí mo fi fọ́tò gba ilé lọ́wọ́ bàbá mi. Mo ń gbé ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo sì ti dá òun náà padà sínú ilé onílé.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo wálé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Àwọn méjèèjì wá pàdé mi ní gáréèjì. Bàbá mi ti rù, ṣùgbọ́n ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, kò jẹ́ kí n gbé e. A kò sọ̀rọ̀ ilé. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó dé fìlà, ó ní kí n jẹ́ ká lọ.

Mo ti mọ ilé náà tán nínú fọ́tò. N kò mọ̀ pé ó lẹ́wà. Báńkónì rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣí. Bàbá mi ṣí géètì, lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn ńlá, ó sì yẹra.

"Wọlé," ó ní. "Fi ojú ara rẹ wò ó."

Mo lọ dé ẹnu ọ̀nà. Pálọ̀ náà kún fún igi tí wọ́n fi gbé òkè ró, wọ́n dúró bí oko ọ̀pẹ. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, fún un, torí mo mọ̀ pé ó ń wò mí. Bí mo ṣe dúró ni mo gbọ́ ọ: ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn bá da ìrẹsì díẹ̀ sínú abọ́. Iyanrìn já láti òkè, ó fọ́n sórí ilẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo padà sẹ́yìn. Bàbá mi kò yí ojú kúrò lára ilé náà.

"Láti ọjọ́ kejì tí mo sùn síbẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ ọ láti ìgbà náà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kúrò níbẹ̀, kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó máa dáhùn, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"N kò sùn nínú ilé tara mi rí," ó ní. "Mo rò pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn."

A dúró níbẹ̀, a ń tẹ́tí. Obìnrin kan ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, aládùúgbò, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá onílé. Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ nínú rẹ̀." Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó ní àmín. Ó ní kí ó kí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ obìnrin náà ti jìnnà, ó fa ilẹ̀kùn náà dé, ó rọra fà á bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú ilé, ó sì tì í.